Ta Ni Alárinà Nínú Iṣẹ́ Ọ̀rá?

"Ṣé kí n fi ọ̀rá sí i?" Bí oníṣòwò kan ṣe ń bi wá nìyẹn. Èkejì á ní láílọ́ọ̀nù. Èkejì ló ṣì í pè: náílọ́ọ̀nù gan-an ni wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, pólítíìnì ni àpò ọjà. Ọ̀rá ni mo fara mọ́, mo sì ní ìdí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1933, ní Winnington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ICI, ki gáàsì ẹ́tílíìnì mọ́ inú ìkòkò irin, wọ́n fún un mọ́ra kọjá ìlọ́po ẹgbẹ̀rún bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá, wọ́n sì fi ooru 170 lórí òṣùwọ̀n Celsius sè é. Ohun funfun kan ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ń yọ̀ bí àbẹ́là: pólítíìnì nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù tó gbé háídrójìn méjì méjì, tó tò gbọọrọ nínú ọ̀rá ẹran, òun náà ló tò sínú pólítíìnì, àfi pé tibí gùn dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ọ̀rá kò rí inú rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ló fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ́tílíìnì, gáàsì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde bó bá ń pọ́n, mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Yorùbá fún bó ṣe ń so mọ́ra di pólítíìnì ló fún mi ní wàhálà. "Sísín" ni mo kọ́kọ́ kọ, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Mo pa á rẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ ní okùn, èyí kò ní. Kábọ́ọ̀nù méjì tó wà nínú ẹ́tílíìnì di ara wọn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Bí àyè bá yọ, wọ́n á jọ̀wọ́ ọ̀kan, wọ́n á fi kọ́ tará ilé kejì. Ìfọwọ́kọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ rọra fa etí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà: á gùn, á funfun, kò ní tètè já. Àwọn ẹ̀wọ̀n tí ìfọwọ́kọ́wọ́ yẹn so ló ń tò sọ́nà kan náà.

Ní 1953, ní Mülheim ní Jámánì, Karl Ziegler fi àdàlù èròjà tó ní alumíníọ́mù àti tìténíọ́mù ṣe pólítíìnì láìsí pé ó ń fún un mọ́ra bí ti ìṣáájú. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tọ́ jù, wọ́n fara mọ́ra, ó le. Irú rẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹni tó bá pe àdàlù náà ní amúyára kò purọ́, ṣùgbọ́n alárinà dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó mú wọn pàdé, wọ́n mojú ara wọn tán, ó yẹ̀ba, ó kọjú sí tọkọtaya mìíràn.

Ọ́síjìn díẹ̀ tó ń tan iṣẹ́ náà nínú ìkòkò ti Winnington kì í ṣe alárinà, torí òun fúnra rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀wọ̀n, kò ní jáde mọ́. Aṣíde ni mo kọ fún un.