Ọmọ Ẹṣin Aláìníyàá àti Agbára Ọ̀yọ́ Àtijọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n pa òwe náà fún, ṣùgbọ́n ó bá ọmọ ẹṣin mu pẹ̀lú. Bí abo ẹṣin bá kú ní òru tí ó bímọ, ọmọ náà kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ tí a lè fi gbà á là. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àti nípa ìjọba ńlá kan ní ilẹ̀ wa tí ó fi ẹṣin ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n tí kò lè tọ́ ọmọ ẹṣin tó ní ilé ara rẹ̀. Bí a bá bá ọ̀rọ̀ méjèèjì rìn dé òpin, a ó rí i pé wọn kò jìnnà sí ara wọn.

Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò tí ì gbọ́ òkìkí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́-Ilé? Nínú ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, a kà á pé ní ayé Aláàfin Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ a máa ń fi ewé nu ipasẹ̀ ogun rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, kí ọ̀tá má ba à mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ní 1698 àwọn ẹlẹ́ṣin láti òkè wá kọlu ìjọba Àlàdá lẹ́bàá òkun; Willem Bosman, oníṣòwò ará Họ́láńdì, kọ ìròyìn ogun náà sínú ìwé rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Ní 1726 ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun Agaja ọba Dàhómì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni ẹṣin wọ̀nyí ti wá? A ní àwọn ẹṣin kékeré kan ní ilẹ̀ wa tí ara wọn gbà á. Àwọn ńláńlá tí a fi ń jagun, láti ìhà àríwá ni a ti ń rà wọ́n, kọjá Odò Ọya. Owó wọn kò sì kéré. Leo Africanus, ẹni tí a tẹ ìwé rẹ̀ ní 1550, kọ ọ́ pé ní Bornu a máa fi ẹrú 15 tàbí 20 gba ẹṣin kan ṣoṣo. Ní ti Ọ̀yọ́, wọn a kó ẹrú lọ sí etí òkun, sí Àjàṣẹ́ àti àwọn èbúté mìíràn, wọn a gba ọjà òyìnbó, wọn a sì fi ọjà náà ra ẹṣin ní òkè. Ẹṣin tí wọ́n rà ni wọ́n tún ń gùn lọ sí ogun láti kó ẹrú mìíràn wá. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọmọ mélòó ni ó di aláìníyàá kí ẹṣin kan tó wọ ìlú?

Kí ni ó dé tí wọn kò fi bí ẹṣin náà ní ilé? Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Eṣinṣin ni ó ṣẹ́gun wọn, èyí tí a ń pè ní tsetse. Ní 1895, ní ilẹ̀ Zulu ní gúúsù Áfíríkà, dókítà ológun kan tí ń jẹ́ David Bruce fi hàn pé eṣinṣin náà ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí kan sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ẹran fi ń rù títí yóò fi kú. Oṣù 11 ni abo ẹṣin fi ń lóyún. Bí àrùn náà bá mú un láàrín àkókò yìí, oyún lè bàjẹ́. Bí ó bá sì bímọ, wàrà rẹ̀ lè gbẹ, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ kú, kí ó fi ọmọ sílẹ̀ nínú koríko. Bí ilẹ̀ kan bá ti rí báyìí, rírà ni yóò máa ra ẹṣin.

Wàyí o, kí ni a lè ṣe fún ọmọ tí ó ṣẹ́kù náà? Ohun àkọ́kọ́ ni wàrà àkọ́kọ́, èyí tí ó máa ń ki, tí ó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọmọ ènìyàn a máa gba ohun ìjà sí àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ọmọ ẹṣin kì í rí i gbà bẹ́ẹ̀, inú wàrà àkọ́kọ́ ni tirẹ̀ wà. Ní 1892 ọ̀mọ̀wé Paul Ehrlich, ará Jámánì, fi èkúté dán an wò, ó sì rí i pé ìyá lè fi ọmú fún ọmọ ní ààbò kúrò lọ́wọ́ àrùn. Ṣùgbọ́n ìfun ọmọ ẹṣin kò ní pẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Láàrín wákàtí 6 sí 12 ni ó dára jù kí ó mu ún. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, ó pẹ́ jù. Nítorí náà bí ìyá bá ń kú lọ, kí a fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú ohun èlò mímọ́ láìjáfara, tàbí kí a tọrọ ti abo mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kí a sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní òru náà gan-an. Kí a má ṣe dúró di òwúrọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ ojoojúmọ́. Bí a bá rí abo ẹṣin mìíràn tí ọmọ tirẹ̀ kú, tí ó sì gba ọmọ náà mọ́ra, kò sí ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá rí i, a lè lo wàrà ewúrẹ́, tàbí ti màlúù. Ṣùgbọ́n wàrà màlúù ní ọ̀rá ju ti ẹṣin lọ, adùn rẹ̀ kò sì tó. A ó mú lára ọ̀rá rẹ̀ kúrò, a ó sì fi gírámù 20 ṣúgà glúkóòsì sí lítà kan. Kì í ṣe ṣúgà tí a ń fi sí tíì, nítorí inú ọmọ ẹṣin kò lè dà á, yóò sì máa ṣu omi.

Ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ a máa mu ọmú lọ́pọ̀ ìgbà láàrín wákàtí kan, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ipò ìyá kò gbọdọ̀ fún un ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì lọ sùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí kan tàbí méjì ni a fi ń fún un, lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdámẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ tó. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ kí ó di ìdámárùn-ún tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí ìgò ni a fi ń fún un, kí ó wà lórí ìdúró, kí a sì gbé ìgò náà sí ibi tí ọmú ìyá rẹ̀ ìbá wà. Bí a bá gbé orí rẹ̀ sókè jù, wàrà lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó sàn kí a tètè kọ́ ọ láti mu nínú korobá.

Ohun kẹta ni àwọn olójú àánú sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn ni ẹgbẹ́. Ọmọ ẹṣin tí ènìyàn nìkan tọ́ a máa rò pé ènìyàn ni ẹlẹgbẹ́ òun. Nígbà tí ó wà ní kékeré, eré ni a ń pè é bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé ènìyàn ní èjìká tàbí bí ó bá bù ú jẹ; nígbà tí ó bá dàgbà, eré náà lè pa ènìyàn. Kí a fi í sí ọ̀dọ̀ àgbà ẹṣin tí ó ní sùúrù, tí yóò kọ́ ọ ní ìwà ẹṣin. Bí kò bá sí, ewúrẹ́ sàn ju ìdáwà lọ. Ìfẹ́ tí ó tọ́ ọmọ dàgbà ni ó gbọdọ̀ mọ ìgbà tí a ń jọ̀wọ́ rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ọ̀yọ́. Kì í ṣe ẹṣin nìkan ni wọ́n ń mú wá láti àríwá; àwọn ẹrú tí wọ́n mú wá láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìlọrin, ké sí àwọn ẹrú Haúsá kí wọ́n kọ̀yìn sí olówó wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí Ìlọrin fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn Fúlàní, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Láàrín 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Ọ̀pọ̀ ìdí mìíràn wà fún ìṣubú náà, àwọn ìjòyè tí ó dalẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn kò ní pẹ́ dúró bí olùtajà bá di ọ̀tá rẹ̀.

Lónìí, a ń rí ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá, inú wa a sì dùn. Kí a rántí nígbà náà ohun tí a fi ra irú rẹ̀ ní ayé àtijọ́. Bí ọ̀kan nínú wa tí ó ní ẹṣin bá sì bá ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá rẹ̀ ní òru, kí ó má ṣe wí pé ẹran lásán ni. Kí ó gbé àtùpà, kí ó wá wàrà, kí ó sì jí ní gbogbo wákàtí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ni kò rí ẹni jí nítorí tiwọn ní àkókò tí a ń fi wọ́n ṣe owó ẹṣin.