"Wèrè Dùn-ún Wò": Ìtàn Ìtọ́jú Ọkàn Ọmọ àti Ìdílé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Ẹni tí ó bá ronú sí òwe yìí dáadáa yóò rí i pé àìsàn ọpọlọ, lójú Yorùbá, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Ẹni tí ń wòran lè rẹ́rìn-ín kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òbí kò rí ibi kankan sá lọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ìtọ́jú ọkàn ní ilẹ̀ wa, ìtàn ìdílé ni a gbọ́dọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú agbo-ilé. Láàárín àwọn Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, láti Ìlá-Ọ̀ràngún títí dé Ìrèsì, bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá yòókù, agbo-ilé ni ilé ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ fún tọkọtaya tí ń jà àti fún ọmọ tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni à ń ṣìpẹ̀ fún. Ẹni tí inú ń bí ni à ń pẹ̀tù sí lọ́kàn. Ọmọ tí ń sunkún ni à ń rẹ̀ lẹ́kún. Ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú ni à ń gbà nímọ̀ràn. Àwọn tí kò ní iṣẹ́ yìí láàárín ara wọn kò lè ní ọ̀rọ̀ tó báyìí fún un.

Bí àìsàn náà bá le, wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Àwọn ẹbí sábà máa ń bá a dúró níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn mọ ewé àti egbò, pàápàá asofẹ́yẹjẹ, tí ó máa ń mú kí ara aláìsàn rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: àwọn kan a máa so aláìsàn mọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, wọn a sì máa nà án.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú wèrè sí Yábàá ní Èkó ní ọdún 1907. Ìṣọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwòsàn. Wọ́n mú aláìsàn kúrò láàárín ìlú, wọ́n sì tún mú un kúrò láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Ohun tí ó dára jù nínú ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

Ẹni tí ó yí èyí padà ni Thomas Adéoyè Lámbò. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì di olórí ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954. Wọn kò tí ì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán nígbà náà. Dípò kí ó jókòó máa dúró de bíríkìlà, Lámbò lọ bá àwọn àgbà ìletò tí ó yí Arò ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹbí kan lọ́wọ́, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa dáná fún un. Láàárọ̀ wọ́n á lọ gba ìtọ́jú òyìnbó. Lọ́sàn-án wọ́n á padà sí ìletò, àwọn mìíràn á bá onílé lọ sóko. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé wèrè tí ó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́. Àwọn ìletò Arò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: ọjà àti agbo-ilé gan-an lè jẹ́ apá kan oògùn. Òkìkí ètò yìí kàn káàkiri ayé. Ní 1961 ni Abẹ́òkúta gba àlejò àpérò àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí ó sì di 1973, Lámbò di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ tí ó lé ní 800,000 sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ẹrù tuntun dé orí ọmọ: òun nìkan ni yóò jókòó ti ìwé, gbogbo ẹbí ni yóò sì máa wojú rẹ̀. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn kan láti Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí, tí wọ́n ń kàwé tí kò yé wọn mọ́. Ó ṣàkíyèsí pé ìwé kíkà àdákà ṣàjèjì sí ìgbé-ayé àjùmọ̀ṣe tí wọ́n bí wọn sí.

Ní 1959, àwọn sísítà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ti pe 20 ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ wọn láti gba 60 ọmọbìnrin kíláàsì àṣekágbá nímọ̀ràn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 sì gbà pé ó yẹ kí irú wọn wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́.

Òfin wèrè àtijọ́, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti 1916 wá, kò kúrò nílẹ̀ títí di oṣù kìíní 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tí ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Síbẹ̀, ìyá tí ó wà ní Ìrèsì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí ibi jíjìn, bí Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó rí oníṣègùn ọpọlọ. Kí ó tó wọ ọkọ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ìtìjú.

Ìtìjú yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ó bí i. Bí a bá pe ọmọ ní wèrè, a ti sọ ọ́ di ìran, ìyá rẹ̀ á sì tì í mọ́lé. Bí a bá ní ara ọmọ náà kò yá, a ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ má ṣe jẹ́ kí ṣíṣìpẹ̀, pípẹ̀tù àti rírẹ̀lẹ́kún di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ nìkan. Iṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe é.