Muturu Ilẹ̀ Nsukka: Àṣà àti Àrùn Màlúù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ní agbègbè Enugu àti Nsukka, àṣà ìbílẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní Enugu ní ọdún 1915, àwọn àgbẹ̀ Igbo agbègbè náà ti ń sin muturu, màlúù kúkúrú tí kò ní iké. Wọn kì í fún wàrà rẹ̀. Ìsìnkú àgbà, oyè jíjẹ àti ìrúbọ ni wọ́n ń lò ó fún. Ní àwọn abúlé kan, èyí tí a bá yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ti di èèwọ̀: a kì í pa á, yóò máa jẹ̀ kiri, yóò sì máa bímọ.

Ilẹ̀ eṣinṣin sẹ̀sẹ̀ ni ilẹ̀ yìí. Àrùn tí eṣinṣin náà ń gbé kiri a máa pa màlúù oníké tí a dà wá láti Òkè Ọya, bí kò bá rí oògùn. Muturu ní tirẹ̀ a máa fara dà á. Èèwọ̀ kọ́ ni ó fún un lágbára yẹn; ọ̀pọ̀ ìran ni ó ti bá eṣinṣin gbé. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìran náà run.

Síbẹ̀, agbára àṣà ní ààlà. Muturu kò lè dúró níwájú àrùn rinderpest. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí àwọn ìjọba Áfíríkà fìmọ̀ ṣọ̀kan lé lórí láti 1962, ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, títí a fi kéde ní 2011 pé ó ti parẹ́ láyé.

Lónìí, bí ojúbọ ti ń tú, muturu ń dínkù. Dókítà ẹran tí ó bá ka èèwọ̀ àgbẹ̀ sí ìgbàgbọ́ asán lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹran tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò oògùn rẹ̀.