Nọ́ńbà Tó Ń Pinnu Iye Owó Wúrà Àtijọ́ ní Gbàǹjo Amẹ́ríkà

Owó wúrà ogún dọ́là tí ìjọba Amẹ́ríkà ń rọ láti 1850 títí di 1933 ní ojúlówó wúrà tí kò fi púpọ̀ dín ní áúnsì kan nínú, ìyẹn 0.9675, débi pé bí alágbẹ̀dẹ wúrà bá yọ́ méjì nínú wọn, iye kan náà ni yóò rí gbà lórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé méjì yìí kan náà dé gbàǹjo, ọ̀kan lè pa owó tó jẹ́ ìlọ́po èkejì lọ́nà púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti rọ wọ́n lọ́dún kan náà. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni ipò tí àwọn olùyẹ̀wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń fi nọ́ńbà láti 1 dé 70 kọ.

Kí nọ́ńbà yìí tó dé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń lò, bíi "ó dára", "ó dára gan-an" tàbí "tuntun ni", olúkúlùkù ọlọ́jà sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ní 1949, William Sheldon, onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwé jáde lórí sẹ́ǹtì bàbà ńláńlá tí wọ́n rọ láàárín 1793 sí 1814, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà náà ti ṣẹ̀. Ó yẹ kí ó yé ènìyàn dáadáa pé iye títà gan-an ni Sheldon ń wọ̀n: bí sẹ́ǹtì tó ti parẹ́ tán, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, bá ń tà ní dọ́là méjì, èyí tó wà ní 20 gbọ́dọ̀ tà ní 40 dọ́là, kí èyí tí kò ní àbùkù kankan sì tà ní 140. Ìṣirò náà kò pẹ́ tó fi ṣákìí, nítorí ọjà kì í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ kò bá a lọ. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ American Numismatic Association sọ ọ́ di òṣùwọ̀n fún gbogbo owó ilẹ̀ náà, títí kan wúrà tí ìwé Sheldon kò dá lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí iye owó bí ṣe padà di ọ̀gá lórí iye owó.

Lára wúrà, láti 60 lọ sókè ni owó tí ìlò kò tíì mú kí ó parẹ́ rárá. Síbẹ̀ tuntun yìí kò túmọ̀ sí aláìlábàwọ́n, nítorí wúrà rọ̀, inú àpò ni wọ́n sì ń kó o sí, tí ọ̀kan ń gbá èkejì lára. Ọ̀pọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn báńkì Yúróòpù, èyí tó yọ wọ́n nínú yíyọ́ tí ìjọba yọ́ owó wúrà lẹ́yìn àṣẹ Ààrẹ Franklin Roosevelt ní 1933 pé kí aráàlú kó wúrà wọn wá fún ìjọba, ṣùgbọ́n tó fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ lára wọn. Lórí owó ogún dọ́là tí oníṣẹ́ ọnà Augustus Saint-Gaudens yà, tó jáde ní 1907, olùyẹ̀wò a máa yí owó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, a sì máa wo orúnkún àti àyà obìnrin tó gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ló yọ gọngọ jù, ibẹ̀ ni ìlò sì ti kọ́kọ́ máa ń hàn.

Àwọn tó ń ta owó ló ń fi ipò sí i tẹ́lẹ̀, ipò náà sì máa ń ga nígbà tí wọ́n bá ń tà, kí ó tún relẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rà. Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò owó PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti NGC tó tẹ̀ lé e ní 1987 ló gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń dé owó mọ́ inú ike pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, tí ẹni tó wà lókèèrè fi lè dá iye lé ohun tí kò fojú rí. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fọ́ ike láti tún gbé owó kan náà lọ fún àyẹ̀wò, bóyá 65 á di 66, nítorí èrè tó wà lórí ìpele kan ṣoṣo yìí lè pọ̀ ju owó àyẹ̀wò lọ fíìfíì.

Síbẹ̀ nọ́ńbà kò dá ṣe é. Nígbà tí wọ́n wú ẹrù ọkọ̀ Central America, tó rì ní 1857, jáde láti 1988 lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó ogún dọ́là tí wọ́n rọ ní San Francisco lọ́dún tó rì yẹn ló jáde pẹ̀lú dídán wọn, ipò tó ṣọ̀wọ́n fún owó ọdún náà tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ní. Ní ìdàkejì, owó wúrà dọ́là márùn-ún ti 1822 kan tà ní mílíọ̀nù 8.4 dọ́là ní oṣù kẹta 2021, nígbà tí ipò rẹ̀ kò ju 50 lọ: mẹ́ta péré ló kù láyé, méjì sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian.