Om

Ìró yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń bẹ̀rẹ̀ kíka Veda, ìwé mímọ́ wọn, òun náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Pranava ni orúkọ rẹ̀ mìíràn. Ó kúrú lẹ́nu, àmọ́ kì í ṣe kékeré o! Mandukya Upanishad, ìwé tí ẹsẹ rẹ̀ kò ju 12 lọ, tú u sí A, U àti M, nítorí A àti U ló ń para pọ̀ di O nínú èdè Sanskrit. Ẹnu á là fún A, ètè á ká jọ fún U, á wá pa dé fún M, ohùn á sì máa kùn nímú. A dúró fún ìgbà tí ojú èèyàn là sílẹ̀, U fún àlá, M fún oorun àsùnwọra. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ìpele kẹrin, Turiya. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìjìnlẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Jain náà ń lo ìró yìí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tiwọn yàtọ̀.