Àwọn Alálùpùpù Tó Ń Dúró Ti Pósí

Bó ti wù kí ikú ṣọ́jà kan dùn yín tó, bí ìdílé rẹ̀ kò bá pè yín, ẹ jókòó sílé yín. Òfin àkọ́kọ́ àwọn Patriot Guard Riders nìyẹn, àwọn alálùpùpù Amẹ́ríkà tó ń dúró níbi ìsìnkú ṣọ́jà. Ó ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí pé níbi tí wọ́n ti bí mi, ta ní ń dúró de ìwé ìpè kó tó lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Bàbá tó ń sọ ọ́ fún mi wo ojú mi, ó ní, “Àwọn kan wà tó ń lọ láìpè. Tìtorí wọn la ṣe bẹ̀rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Kansas. Bàbá yìí wà lára àwọn tó wà ní ìkáwọ́ mi. Ó jagun ní Vietnam, ó sì gun alùpùpù títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bí ẹni tó dàgbà jù mí lọ, “Màámù” ló ń pè mí. Èmi náà ò lè máa la orúkọ mọ́ àgbàlagbà lórí. Bàbá ni mo ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Àwọn alọláìpè tó ń wí ni ìjọ Westboro Baptist ti Topeka, olú-ìlú Kansas, tí Fred Phelps dá sílẹ̀ ní 1955. Ọmọ ìjọ náà kò pé ọgọ́rùn-ún, ẹbí Phelps fúnra rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí kì í jẹ́ kí n lè fi gbogbo ara kórìíra ọkùnrin náà ni pé lọ́yà ni tẹ́lẹ̀, ó sì bá àwọn aláwọ̀ dúdú Topeka ro ẹjọ́ ẹ̀tọ́ wọn láyé ìgbà tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò bu iyì kún lọ́yà funfun. Topeka yìí kan náà ni ẹjọ́ Brown ti ṣẹ̀, èyí tí kóòtù fi sọ ní 1954 pé ó lòdì sófin kí wọ́n máa ya ilé-ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀. Ní 1979, Kansas gba ìwé-àṣẹ lọ́yà lọ́wọ́ Phelps. Láti 1991 ló ti ń kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ jáde pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ èébú sí, pé Ọlọ́run kórìíra ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ní 1998 wọ́n gbé páálí wọn dé ibi ìsìnkú Matthew Shepard ní Wyoming, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lù pa. Nígbà tó di 2005, òkú ṣọ́jà ló kàn. Ṣọ́jà ọ̀hún ì báà láya kó sì bímọ mẹ́rin, ìyẹn ò kàn wọ́n. Àlàyé wọn ni pé ẹ̀san ni gbogbo pósí tó ń ti Ìráàkì bọ̀, torí pé Amẹ́ríkà gba ẹ̀ṣẹ̀ láyè.

Nílé wa, òbí kì í dé ìdí sàréè ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ olóògbé ní í sin ín, kíá, láìsí ariwo, wọn á sì ti mú ìyá lọ síbi tí kò ti ní gbọ́ ìró ọkọ́. Níhìn-ín, ìjókòó iwájú pátápátá ni wọ́n ń fi ìyá àti bàbá sí. Àwọn ni wọ́n máa ká àsíá tó bo pósí lé lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, páálí yẹn ni ojú wọn máa kọ́kọ́ bà lé. Ìgbà tí mo ro èyí ni mo tó mọ ohun tí ògiri tí àwọn alálùpùpù ń fi ara wọn àti àsíá mọ wà fún.

Àwọn tó mọ ògiri náà wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. American Legion, ẹgbẹ́ àwọn ajagun-fẹ̀yìntì tó ti wà láti 1919, ní ẹ̀ka àwọn tó ń gun alùpùpù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Garden City, Michigan, ní 1993. Àwọn ọmọ ẹ̀ka ti Mulvane, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Wichita, ló kọ́kọ́ dìde ní 2005. Nígbà tí ìsìnkú ṣọ́jà kan kan Chelsea ní Oklahoma, ìlú kékeré tí kò ju bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lọ, wọ́n gun alùpùpù wọn lọ síbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Patriot Guard Riders ti di ẹgbẹ́ tó kárí Amẹ́ríkà. Wọn kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kódà wọn kì í béèrè bóyá o ní alùpùpù.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ pé irú àwọn ènìyàn yìí gan-an ni àwọn ìlú kékeré ń sá fún nígbà kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tó darí dé ló ti mọ alùpùpù í gùn lójú ogun. Harley-Davidson nìkan ṣe nǹkan bí 90,000 fún ogun náà. Ní oṣù keje 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún alálùpùpù ya wọ Hollister ní California, wọ́n mutí, wọ́n dàlú rú. Ìwé ìròyìn Life tẹ àwòrán ọ̀kan nínú wọn jáde, tó jókòó lórí Harley láàárín àwọn ìgò ọtí. Ní 1953, Marlon Brando fi eré The Wild One parí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá á ti máa pe ọmọ wọlé.

Vietnam ló yí i padà, ohun tí èmi rò nìyẹn. Nígbà tí Bàbá tibẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló wá pàdé rẹ̀ ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni ò lu ìlù. Àwọn irú rẹ̀ ló gun alùpùpù wọ Washington ní 1988, nínú ìwọ́de tí wọ́n ń pè ní Rolling Thunder, nítorí àwọn ṣọ́jà tí ogun gbé mì tí wọn ò rí òkú wọn. Nítorí náà, nígbà tí Phelps dé, ó bá àwọn ènìyàn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá òkú tí wọn yóò bu ọlá fún. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn alálùpùpù ń fi ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn àwọn Westboro mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Bàbá ò kà á sí. Ó ní ọmọdé lè pariwo, ìdúró niṣẹ́.

Mo rí ìdúró náà. Mo fi bọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú wa gbé Bàbá lọ síbi ìsìnkú kan, ní ìlú tí iná tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn panápaná ti na àkàbà ọkọ̀ wọn sókè, wọ́n fi àsíá ńlá kọ́ ọ lójú títì. Àwọn alálùpùpù ti débẹ̀ ṣáájú ìdílé. Olórí ìrìn ka òfin fún wọn: fóònù sínú àpò, ẹ má mu sìgá lórí ìlà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni tó bá bú yín, ẹ kẹ̀yìn sí i, ẹ má dáhùn. Wọ́n wá tò sọ́tùn-ún sósì láti etí títì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú pẹ̀lú àsíá. Atẹ́gùn Kansas kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń gbé ọ̀pá àsíá. Mo rí apá tó ń gbọ̀n. Obìnrin kan ń pín omi fún wọn lẹ́yìn ìlà. Bàbá fi orúnkún méjèèjì há ọ̀pá tirẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Nígbà tí pósí ń kọjá, ọwọ́ gbogbo wọn lọ sí iwájú orí. Ìṣípà ọdẹ ló sọ sí mi lọ́kàn, àmọ́ àwọn ọdẹ mọ òkú wọn. Kò sí ẹnì kan lórí ìlà yẹn tó mọ ọmọ náà rí. Àwọn Westboro kò wá lọ́jọ́ náà.

Ìjọba náà gbìyànjú. Ní May 29, 2006, Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin pé wọn kò gbọdọ̀ wọ́de sún mọ́ itẹ́ òkú ìjọba àpapọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 300, láti wákàtí kan ṣáájú ìsìnkú títí di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Obama sọ ọ́ di wákàtí méjì ní 2012. Àmọ́ ẹjọ́ Snyder ló ṣì ń gbóná nínú mi. Matthew Snyder, ọmọ ogun Marine, kú ní Ìráàkì ní oṣù kẹta 2006. Wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn rẹ̀ ní Westminster, Maryland, àwọn Phelps méje sì gbé páálí lọ. Bàbá rẹ̀, Albert, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2007, àwọn ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ ní Baltimore ní kí wọ́n san 10.9 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Kóòtù òkè dà á nù, ó tún ní kí bàbá olóògbé san 16,510 dọ́là owó ẹjọ́ fún wọn! Ní March 2, 2011, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ní Kóòtù Gíga Jù Lọ gbè sẹ́yìn àwọn Phelps: orí ilẹ̀ gbogboògbò ni wọ́n dúró sí, bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìlú ni wọ́n sì sọ. Alito nìkan ló kọ̀. Bàbá tí mo ń tọ́jú ní ìdájọ́ náà tọ̀nà, pé òfin tó dáàbò bo ẹnu Phelps ni àwọn ṣọ́jà búra fún. Mo bá a jiyàn títí oògùn alẹ́ rẹ̀ fi pẹ́. Alito ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Phelps kú ní oṣù kẹta 2014. Pósí tó ń ti ojú ogun bọ̀ ti dín kù, ẹgbẹ́ náà kò sì tú ká. Àwọn àgbà ajagun-fẹ̀yìntì ni wọ́n ń sin báyìí, títí kan àwọn tó kú láìní ẹbí, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìsìnkú ló ń bá wọn ránṣẹ́. Irun funfun ló pọ̀ jù lórí ìlà. Àwọn kan ti bọ́ sórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn mìíràn ń gbé ọkọ̀ wá. Bàbá ta alùpùpù tirẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó ti Afghanistan dé. Mo bi í bóyá ọmọ náà ti wọ ẹgbẹ́. Ó ní rárá o, ibi iṣẹ́ ló ń gùn ún lọ, ó sì ti kun ún ní àwọ̀ ewé.