Kí Ẹ Tó Kọ "Law" Sínú Fọ́ọ̀mù JAMB: Ẹnu Ọ̀nà Méjì Tó Wà Nídìí Iṣẹ́ Lọ́yà

Ìlọrin níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ forí jì mí, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní tiyín ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo.

Láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù JAMB ti jáde, ìbéèrè kan náà ló kún orí WhatsApp wa: "Ẹ̀gbọ́n, lọ́ọ̀ ni mo fẹ́ kà. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí wọ́n á fi mú mi?" Èmi kì í ṣe lọ́yà, ìtàn ni mo máa ń wá kiri. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá ìtàn ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé ìbéèrè yẹn kò tíì pé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ èèyàn ní òfin lọ́tọ̀, àwọn tó ń pe èèyàn ní lọ́yà lọ́tọ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì ni. Ẹni tó bá wo ẹyọ kan ṣoṣo lè fi ọdún márùn-ún wọlé, kó wá dúró síta lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kóòtù tiwọn kalẹ̀ níbẹ̀, lọ́yà ṣọ̀wọ́n bí ojú. Òfin ọdún 1876 wá fún ilé-ẹjọ́ láyè láti mú ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì mọ díẹ̀ nínú òfin, kó máa bá àwọn èèyàn ro ẹjọ́. Kò pọn dandan kí wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin kankan. (Ẹ má wá irú ọ̀nà yẹn lónìí o. Ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀.)

Ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà gan-an ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sierra Leone. Ọdún 1879 ni wọ́n pè é ní lọ́yà ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó di ọdún 1933 kí obìnrin kan tó wọlé láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Stella Thomas, ní Middle Temple. Òun náà ló tún di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì nílẹ̀ wa, ní 1943.

Mẹ́rin ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, "Inn" ni wọ́n ń pè wọ́n. Èèyàn lè gba oyè òfin ní yunifásítì kó má di lọ́yà, torí Inn ló ń pe èèyàn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé oúnjẹ alẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń kà á mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Bí o bá mọ òfin bí ẹni mọ Fátíhà, tí o kò bá tíì jẹun nínú gbọ̀ngàn wọn tó iye ìgbà tí wọ́n là sílẹ̀, wọn ò ní pè ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, torí a mú un wálé. Títí di òní, àwọn ọmọ Law School Nàìjíríà ṣì ń jẹ oúnjẹ alẹ́ yẹn pẹ̀lú aṣọ dúdú àti funfun lọ́rùn, ó sì wà lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó pè wọ́n.

Ìlọrin ńkọ́? Gbogbo Àríwá Nàìjíríà pátá, lọ́yà wọn àkọ́kọ́ ni ọmọ Ìlọrin: Alhaji AbdulGaniyu Folorunsho Abdulrazaq, bàbá Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq. Ọdún 1955 ni wọ́n pè é, ní Inner Temple kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti 1879: ọdún 76.

Kí ló fa ìdádúró náà? Kì í ṣe pé Ìlọrin ò mọ̀wé. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn àáfáà wa ti ń kọ́ ọmọ ní fíkì, tí ẹjọ́ ti ń lọ níwájú àwọn tó mọ ṣàríà. Ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n fi kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọba àti àwọn àlùkálì, wọn ò sì gba lọ́yà láyè níbẹ̀. Láti 1914 títí di 1933, kóòtù àwọn òyìnbó ní ẹkùn gan-an, ìyẹn Provincial Court, kò gba lọ́yà wọlé. Nítorí náà, kí ni bàbá kan ní Ìlọrin fẹ́ tà láti rán ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọmọ náà ò ní rí ibi tó máa dúró sí láti rojọ́ tó bá padà wálé?

Ẹ tún wo nǹkan kan. Onitsha ni wọ́n bí Abdulrazaq sí. Ọmọ Ìlọrin mìíràn tó di ògbóǹtarìgì, Adájọ́ Mustapha Akanbi, ẹni tó di Ààrẹ Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn láti 1992 sí 1999, tó sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ICPC, Accra ni wọ́n bí òun náà sí. Ìdálẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ríran. Lójú tèmi, kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Ọmọ tó bá dàgbà síbi tí lọ́yà ti ń wọ kóòtù lójoojúmọ́ á mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ní fóònù lọ́wọ́ báyìí. Ẹ tún lè lọ jókòó ní kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Kwara láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹjọ́ gbangba ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ṣe é kí ẹ tó san owó JAMB.

Akanbi tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Wọ́n pè é ní England ní 1963, wọ́n sì tún pè é ní Nàìjíríà ní January 1964. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì? Nítorí pé ní 1959, ìgbìmọ̀ Unsworth ti sọ pé ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn ń gbà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù kò bá ilé mu. Wọ́n ń kọ́ òfin ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò kọ́ òfin ilẹ̀ tiwa. Lóhùn-ún, ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù àti ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn jẹ́ ènìyàn méjì, níbí ẹnìkan ló ń ṣe méjèèjì. Bí òfin 1962 ṣe dá Council of Legal Education àti Nigerian Law School sílẹ̀ nìyẹn. Ojúlé kan ní Igbosere Road l'Ékòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ. Wọ́n kó lọ sí Victoria Island ní 1969, wọ́n kó lọ sí Bwari l'Ábújá ní 1997, ẹ̀ka mìíràn sì ti wà báyìí ní Kano, Enugu, Yola àti Yenagoa. Fún àwa ará Ìlọrin, ìrìn-àjò ni gbogbo rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí tiyín. Àwọn ọmọ NOUN ka lọ́ọ̀, wọ́n gba LLB, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kejì, Council sì ní irú ẹ̀kọ́ àtòkèèrè yẹn kò bá ìlànà àwọn mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dúró. Ó di òpin 2017 kí ààrẹ tó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin NOUN. Àwọn èèyàn yẹn ò ya ọ̀lẹ, wọn ò fèrú ṣèdánwò. Ẹnu ọ̀nà kejì ni wọn ò tètè bèèrè.

Torí náà, kí ẹ tó yan yunifásítì, ẹ bèèrè ohun méjì lọ́wọ́ ọ́fíìsì ẹ̀ka òfin wọn. Àkọ́kọ́, ṣé Council of Legal Education fọwọ́ sí wọn? Ti NUC nìkan kò tó. Ìkejì, ọmọ mélòó ni Council ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún, mélòó ni àwọn sì ń gbà wọlé? Bí wọ́n bá ń gba ọmọ ju ìpín wọn lọ, àwọn tó kù á máa tò síta lẹ́yìn ìwé jáde ni. Mo fẹ́ kí ẹ bèèrè èyí ju kí ẹ máa bèèrè cut-off mark lọ. Cut-off ń yí padà lọ́dọọdún, gbogbo ayé ló sì ń gbé e kiri.

Ní ti JAMB fúnra rẹ̀, kò pọ̀: Use of English, Lítíréṣọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì, àti iṣẹ́ ọnà tàbí ti àwùjọ méjì sí i. Ẹ wo bróṣọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tiyín, torí ti Mathematics yàtọ̀ síra. Ní Unilorin, ọ̀nà méjì ló wà: Common Law, àti Common and Islamic Law. Ẹni tó ń lọ sí ìkejì gbọ́dọ̀ ní IRS tàbí Lárúbáwá. Ẹ má ka ìyẹn sí ibi tí wọ́n ń sáré lọ tí èyí àkọ́kọ́ bá kún o. Ìpínlẹ̀ Kwara ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà, ẹni tó bá mọ òfin méjèèjì ní Ìlọrin, ọjà ọwọ́ rẹ̀ kì í kùtà.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín rí bákan náà lórí WAEC, JAMB àti NIN láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi owó Law School pamọ́ láti 300 level, torí ó yàtọ̀ sí ti yunifásítì, kò sì kéré. Iṣẹ́ márùn-ún ni ẹ máa ṣèdánwò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè mú mẹ́rin dójú òkè, kí ẹyọ kan fà yín wálẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn, ará ilé wa ló ṣẹlẹ̀ sí. Ní December 2017, Amasa Firdaus, tó jáde ní Unilorin, ti yege ní Law School. Ó dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ pe wọ́n ní lọ́yà l'Ábújá pẹ̀lú híjáàbù lábẹ́ wíìgì. Wọ́n ní kó ṣí i, ó kọ̀, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ariwo sọ, ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Èrò yín lórí ọ̀rọ̀ náà lè yàtọ̀ sí tèmi, ẹ kọ ọ́ síbi àwọn èsì nísàlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ìdánwò ló ti ṣe tán lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà. Ní July 2018, wọ́n pè é, híjáàbù rẹ̀ lórí, wíìgì lórí híjáàbù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bèèrè ìbéèrè méjì yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́, ẹ fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A máa kà wọ́n síta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn àbúrò tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.